Ìbọn Ní Apátí, Kò Ní Apátí

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní, 'Ìbọn ní apátí, kò ní apátí, ta ni yóò jẹ́ kí wọ́n kọ ọ́ sí òun?' Apátí ni irin kékeré tí ń mú kí ìbọn dún. Òwe yìí gún régé, ṣùgbọ́n bí a bá yẹ̀ ẹ́ wò fínnífínní, a óò rí i pé ẹnu ẹnì kan ṣoṣo ni ó ti jáde, èyíinì ni ẹni tí ó dúró níwájú ìbọn. Lójú onítọ̀hún, ọ̀kan náà ni ìbọn àtijọ́ àti ìbọn òde òní. Ikú ni ikú ń jẹ́. Òwe náà kò sọ ohunkóhun fún wa nípa ẹni tí ó di ìdí ìbọn mú, tí ó fi owó ara rẹ̀ rà á, tí ó sì ní láti pinnu bóyá ti àtijọ́ ni òun yóò mú tàbí tuntun.

Ní ọjọ́ ọdún Ògún kan ní Iléṣà, mo gbọ́ tí ọ̀dọ́mọkùnrin kan ń bi ọdẹ àgbà kan ní irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀. Ṣakabùlà bàbá náà fara ti ògiri. Ìbọn ẹlẹ́nu méjì tí ọmọ rẹ̀ ń lò wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà dọ̀bálẹ̀, ó ní, 'Bàbá, ẹ jọ̀wọ́, bí wọ́n bá ní kí ẹ mú ọ̀kan nínú méjèèjì, èwo ni ẹ óò mú?' Bàbá náà kò tilẹ̀ bojú wo àwọn ìbọn náà. Ó ní, 'Ọmọ mi, èyí tí n óò lè máa bọ́ ni n óò mú. Ìbọn a máa jẹun ju ajá ọdẹ lọ.'

Èsì yìí kò kúrò lọ́kàn mi láti ọjọ́ náà. Nínú ìwé ìtàn wa, nínú eré orí ìtàgé wa, àti lẹ́nu àwọn tí ń sọ ìtàn ogun fún ọmọdé, ohun tí a sábà máa ń bèèrè ni èwo ni ó lágbára jù. Bàbá ọdẹ yìí kò bèèrè agbára. Oúnjẹ ni ó bèèrè. Ó dá mi lójú pé ìbéèrè rẹ̀ jinlẹ̀ ju tiwa lọ, àti pé àìbéèrè rẹ̀ ni ó jẹ́ kí a máa ka ìtàn ogun Kírìjí ní àkàtúnkà láìmọ ohun tí ó wà nínú rẹ̀. Òun náà ni ó jẹ́ kí a máa pe ohun kan ní àṣà ìbílẹ̀ wa nígbà tí ó jẹ́ pé àṣẹ àwọn ẹlòmíràn ni.

Kí ọ̀rọ̀ wa lè yé ara wa, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo àwọn ìbọn náà fúnra wọn. Ṣakabùlà ni èyí tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń fi orúkọ àwọn ará Dẹ́nímáàkì pè, nítorí pé àwọn oníṣòwò ilẹ̀ náà wà lára àwọn tí ó ń kó irú rẹ̀ wá tà ní etíkun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Ẹnu ni a ti ń kì í. A óò da ẹ̀tù sí i, a óò fi nǹkan dí i, a óò ju òjé tàbí ègé irin lé e, a óò sì fi ọ̀pá gún gbogbo rẹ̀ mọ́lẹ̀. Òkúta ni ó ń ṣá iná sí ẹ̀tù náà. Inú ọ̀pá rẹ̀ ń dán, kò ní ìlà kankan, nítorí náà ọta rẹ̀ kì í pẹ́ ṣìnà. Ó ṣòro kí ẹni tí ń yìn ín fọwọ́ sọ̀yà pé òun yóò ba ohun tí ó jìnnà tó 100 yáàdì. Bí òjò bá pa ẹ̀tù rẹ̀, igi lásán ni. Ṣùgbọ́n àgbẹ̀dẹ àdúgbò lè tún un ṣe bí ó bá bàjẹ́, kò sì sí ègé irin tàbí òjé tí ó bá gba ẹnu rẹ̀ wọlé tí a kò lè fi ṣe ọta rẹ̀.

Èkejì ni Snider, ìtàn rẹ̀ sì yẹ ní mímọ̀. Ní ọdún 1853 ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì gba ìbọn kan tí wọ́n ń pè ní Enfield fún àwọn ọmọ ogun wọn. Ẹnu ni a ti ń kì í bíi ti ṣakabùlà, ṣùgbọ́n inú ọ̀pá rẹ̀ ní ìlà lílọ́ tí ń mú kí ọta máa yí bí ó ti ń jáde, kí ó sì lọ tààrà sí ọ̀nà jíjìn. Láìpẹ́ àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù mìíràn bẹ̀rẹ̀ sí lo ìbọn tí a ń kì láti ìdí. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì wá dojú kọ ìbéèrè pé ṣé kí àwọn kó ìbọn àtijọ́ dànù, kí àwọn ra tuntun ni, tàbí kí àwọn tún ti àtijọ́ ṣe. Ní 1866 wọ́n mú ọ̀nà kejì, nítorí pé owó rẹ̀ kéré. Wọ́n gé ìdí ọ̀pá Enfield, wọ́n sì fi ìdérí onírin tí ń ṣí sí ẹ̀gbẹ́ dí i, gẹ́gẹ́ bí ará Amẹ́ríkà kan tí ń jẹ́ Jacob Snider ti là á sílẹ̀. Ìbọn kan náà ni, ẹ̀yà àtijọ́ àti ẹ̀yà tuntun. Ọmọ ogun tí ó ń yìn ín ní ẹ̀ẹ̀mẹta ní ìṣẹ́jú kan tẹ́lẹ̀ wá lè yìn ín tó ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá, kò sì ní láti nàró kí ó tó kì í.

Ṣùgbọ́n oúnjẹ rẹ̀ ti yí padà. Ọta Snider kì í ṣe òjé lásán mọ́. Ẹ̀tù, òjé àti ohun tí ń ṣáná ni a kó pọ̀ sínú apó idẹ kan ṣoṣo, ilé iṣẹ́ ẹ̀rọ ni a sì ti ń ṣe é. Kò sí àgbẹ̀dẹ kan ní Iléṣà tàbí ní Òṣogbo, bó ti wù kí ọwọ́ rẹ̀ dá tó, tí ó lè jókòó ti ẹwìrì kí ó rọ irú rẹ̀. Ẹni tí ó ra ṣakabùlà ra irin. Ẹni tí ó ra Snider ra irin, ó sì tún ra ọ̀nà tí ó lọ sí etíkun.

Bí ẹnikẹ́ni bá rò pé àsọdùn ni mo ń sọ nípa oúnjẹ ìbọn, kí ó rántí ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní ilẹ̀ Íńdíà ní 1857. Ìbọn Enfield yìí kan náà ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì fẹ́ kó fún àwọn ọmọ ogun ilẹ̀ náà dípò ti àtijọ́. Ọmọ ogun ní láti fi eyín ya bébà tí wọ́n fi di ẹ̀tù àti ọta rẹ̀. Ìròyìn wá kàn pé ọ̀rá màlúù àti ti ẹlẹ́dẹ̀ ni wọ́n fi pa á lára. Màlúù jẹ́ ohun ọ̀wọ̀ fún àwọn ẹlẹ́sìn Híńdù, ẹlẹ́dẹ̀ sì jẹ́ èèwọ̀ fún àwọn Mùsùlùmí. Ó wà lára ohun tí ó dá ọ̀tẹ̀ ńlá sílẹ̀ ní ọdún náà. Kò sí ẹni tí ó ní ìbọn tuntun náà kò dára. Oúnjẹ rẹ̀ ni wọ́n kọ̀.

Ẹ jẹ́ kí a padà wálé. Ní nǹkan bí ọdún 1840, àwọn ọmọ ogun Ìbàdàn lábẹ́ Balógun Ọdẹ́rìnlọ́ kọlu àwọn ará Ìlọrin tí wọ́n dó ti Òṣogbo, wọ́n sì ṣẹ́gun wọn. Láti ọjọ́ náà ni ipá àwọn ẹlẹ́ṣin Ìlọrin ti pin ní apá ìsàlẹ̀ ilẹ̀ Yorùbá. Àwọn kan máa ń sọ pé ìbọn ni ó ṣẹ́gun ẹṣin ní Òṣogbo. Bẹ́ẹ̀ sì ni òru ni Ìbàdàn jà. Ọgbọ́n bá irin ṣiṣẹ́, àkókò bá ọgbọ́n ṣiṣẹ́. Mo mẹ́nu kan èyí nítorí pé ibẹ̀ ni àṣà wa ti bẹ̀rẹ̀, pé bí ogun bá ti parí kí á wá ohun kan ṣoṣo tí ó ṣẹ́ ẹ, kí á sì fi gbogbo ògo fún un.

Ọgbọ̀n ọdún lẹ́yìn náà, Ìbàdàn tí ó gba Òṣogbo sílẹ̀ ti di ọ̀gá lórí ọ̀pọ̀ ìlú. Ní 1870 wọ́n ṣẹ́gun Iléṣà fúnra rẹ̀. Nígbà tí àwọn Ìjẹ̀ṣà, Èkìtì àti àwọn tí ó dara pọ̀ mọ́ wọn gbìyànjú láti bọ́ àjàgà náà, Ìbàdàn tún lù wọ́n bolẹ̀ nítòsí Ìkìrun, tí kò jìnnà sí Òṣogbo, ní ọjọ́ 1 oṣù Kọkànlá ọdún 1878. Ogun Jálumi ni a ń pe ìjà náà, nítorí àwọn tí ó já lu omi nígbà tí wọ́n ń sá lọ. Ṣakabùlà ni ó wà lọ́wọ́ ẹ̀yìn, ṣakabùlà ni ó wà lọ́wọ́ ọ̀tún. Ìbàdàn ni ó mọ̀ ọ́n lò jù, nítorí pé iṣẹ́ ogun ni iṣẹ́ wọn. Ọ̀gèdèǹgbé Agbógungbórò pàápàá, tí ó wá di olórí ogun Èkìtì Parapọ̀, ọ̀dọ̀ Ìbàdàn ni ó ti kọ́ ọ̀pọ̀ nínú ohun tí ó mọ̀.

Lẹ́yìn Jálumi ni ìpinnu náà wáyé. Ní Èkó, àwọn ọmọ Ìjẹ̀ṣà àti Èkìtì wà tí wọ́n ti Sàró àti Bùràsíìlì dé, tí wọ́n ti di oníṣòwò. Wọ́n dá ẹgbẹ́ sílẹ̀, wọ́n sì fún un ní orúkọ kan náà tí a fún àwọn tí ń jagun nílé: Èkìtì Parapọ̀. J. P. Haastrup, tí ó padà wá jọba Iléṣà ní 1896 gẹ́gẹ́ bí Ọwá Ajímọ̀kọ, wà lára àwọn aṣáájú wọn. Àwọn ẹni wọ̀nyí ni wọ́n dá owó jọ, tí wọ́n ra Snider àti ọta rẹ̀, tí wọ́n sì fi ránṣẹ́ sí ojú ogun. Àwọn tí ó mọ̀ ọ́n yìn bá a lọ, wọ́n sì kọ́ àwọn tí ó wà nílé.

Ọ̀nà wo ni wọ́n gbà? Ọ̀nà Oǹdó ni. Ní 1872 ìjọba Èkó lábẹ́ John Glover ti ṣètò kí ọ̀nà náà ṣí, láti ojú ọ̀sà títí wọ inú ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, láìgba ilẹ̀ Ìjẹ̀bú tàbí ti Ẹ̀gbá kọjá. Ìbàdàn kò ní irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ ọ̀nà tí ẹ̀tù àti ìbọn yóò gbà wọlé wà lára ohun tí ó da Ìbàdàn àti Ẹ̀gbá rú ní 1877, Ìjẹ̀bú náà sì ti ilẹ̀kùn. Ìbàdàn rí ìbọn tuntun díẹ̀ rà nígbà tí ó yá, ṣùgbọ́n kì í ṣe pẹ̀lú ìrọ̀rùn. Nítorí náà, nígbà tí àwọn Ìjẹ̀ṣà Èkó ń yan Snider, wọn kò yàn án nítorí pé ó ń dún ju ṣakabùlà lọ. Oníṣòwò ni wọ́n. Irú àwọn baba tí ọmọ wọn wá di òṣómàáló lẹ́yìn ọ̀la, tí ń lóṣòó sí ẹnu ọ̀nà onígbèsè títí yóò fi san owó aṣọ, kò ní ra ohun tí wọn kò mọ bí yóò ṣe máa jẹun. Wọ́n mọ ọ̀nà, wọ́n mọ ẹni tí ń ta ọta, wọ́n sì ní owó tí yóò máa wọlé. Èsì bàbá ọdẹ wa ni wọ́n ti fi sílò kí ó tó sọ ọ́.

Báwo wá ni àwọn òǹkọ̀wé ṣe sọ ìtàn yìí? Samuel Johnson ni a gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ dárúkọ. Ó parí ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ ní 1897. Ìwé náà sọnù, ó kú ní 1901, àbúrò rẹ̀ Obadiah tún un kọ láti inú àwọn àkọsílẹ̀ tí ó fi sílẹ̀, ó sì jáde ní 1921. Johnson kì í ṣe ẹni tí ó gbọ́ ìtàn Kírìjí lẹ́nu ẹlòmíràn. Ó wà lára àwọn oníṣẹ́ àlàáfíà. Ní 1886 òun àti Charles Phillips wọ ibùdó méjèèjì. Kò fi ọ̀rọ̀ ìbọn tuntun pamọ́, ó sì jẹ́ kí a mọ̀ pé ó kó ìdààmú bá Ìbàdàn. Ṣùgbọ́n ọkàn rẹ̀ wà lọ́dọ̀ àwọn ológun: ẹni tí ó gbóyà, ẹni tí ó sá, ẹni tí ó kú ikú akọni. Nínú irú ìtàn bẹ́ẹ̀, ìbọn tuntun a máa dà bí ìjì tí ó ṣàdédé jà. A rí ibi tí ó ti wó ilé. A kì í fi bẹ́ẹ̀ bèèrè ibi tí ó ti wá.

S. A. Akíntóyè ni ó gbé ìbéèrè yìí síwájú wa dáadáa nínú ìwé rẹ̀ tí ó jáde ní 1971 lórí ìdìde Èkìtì Parapọ̀. Ẹni tí ó bá ka ìwé náà yóò mọ̀ pé Èkó jẹ́ ojú ogun kan, bí Ìmẹ̀sí-Ilé àti Ìgbájọ ti jẹ́ ojú ogun. Síbẹ̀ ìmọ̀ yìí kò tíì dé orí ìtàgé wa bí ó ti yẹ. Ọdún márùn-ún lẹ́yìn ìwé Akíntóyè, ní 1976, ni Wálé Ògúnyẹmí tẹ eré rẹ̀ tí ó pè ní Kiriji jáde lédè Gẹ̀ẹ́sì. N kò dá òǹkọ̀wé eré kankan lẹ́bi pé jagunjagun ni ó ń gbé jáde. Ìtàgé ni ó fẹ́ bẹ́ẹ̀. Jagunjagun lè wọ gbérí, ó lè ké ìbòsí, ó lè kú níwájú wa. Àpótí ọta tí ń rin ọ̀nà Oǹdó lórí àwọn alárùú kò lè ṣe ọ̀kankan nínú wọn. Ohun tí mo ń sọ ni pé bí a bá ń wo ìtàgé nìkan, a óò gbàgbé alárùú.

Àwọn tí ń sọ ìtàn lẹ́nu pín sí ọ̀nà méjì. Àwọn kan ní oògùn Ọ̀gèdèǹgbé ni ó dá Ìbàdàn dúró. Àwọn kan, tí wọ́n ka ara wọn sí ọ̀làjú, ní rárá, Snider ni. Mo ti jókòó láàárín àwọn méjèèjì tí wọ́n ń jiyàn, mo sì rí i pé ìjiyàn kan náà ni wọ́n ń jà. Ìkejì kàn mú oògùn kúrò ni, ó fi irin rọ́pò rẹ̀. Àwọn méjèèjì gbà pé ohun kan wà tí ẹni tí ó bá ti dì í mú yóò borí.

Ìtàn kò gbè wọ́n lẹ́sẹ̀. Bí Snider bá jẹ́ aṣẹ́gun, kí ló dé tí ogun Kírìjí fi gba ọdún mẹ́rìndínlógún, láti 1877 títí di 1893? Ìdí rẹ̀ ni pé ìbọn tí ń pa ènìyàn láti òkèèrè kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni lè sáré bo ẹnikẹ́ni mọ́lẹ̀. Ìjà àtijọ́ jẹ́ ti kí ọ̀wọ́ kan súnmọ́ iwájú, kí ó yìnbọn, kí ó padà sẹ́yìn lọ kì í, kí ọ̀wọ́ mìíràn gba ipò rẹ̀. Ẹni tí ó bá dán irú rẹ̀ wò níwájú Snider, òkú ni. Ìbàdàn kò lè wọlé mọ́. Ṣùgbọ́n Èkìtì Parapọ̀ náà kò lè lé wọn lọ, nítorí pé kì í ṣe gbogbo ọmọ ogun wọn ni ó ní ìbọn tuntun, ọta sì wọ́n. Àwọn méjèèjì jókòó ti ara wọn lórí òkè. Látòósà, Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò, kú sí ibùdó ní 1885. Ìwé àdéhùn ni wọ́n tọwọ́ bọ̀ ní ọjọ́ 23 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1886, ibùdó kò sì tú tán títí di 1893. A ní ìró ìbọn tí ń ta láàárín àwọn òkè ni ó fún ogun náà ní orúkọ, kírìjí, kírìjí. Etí ni ó sọ ogun náà lórúkọ. Etí a máa gbọ́ ìró. Kì í mọ iye ọta tí ó kù nínú àpò.

Ohun kan tún wà tí àwọn tí ń yin ìbọn tuntun kì í rántí. Tuntun níbo? Ní 1871 ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti gba ìbọn mìíràn, Martini-Henry, dípò Snider. Nígbà tí Snider fi dé Ìmẹ̀sí-Ilé gẹ́gẹ́ bí ìyanu, ó ti di ògbó lọ́dọ̀ àwọn tí ó ṣe é. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 1892, nígbà tí ibùdó Kírìjí kò tíì tú, àwọn Gẹ̀ẹ́sì gbé ìbọn Maxim, tí ń yìn ara rẹ̀ léraléra, dojú kọ Ìjẹ̀bú ní Ìmàgbọn. Láàárín àkókò tí a fi ń jiyàn ṣakabùlà àti Snider, ẹni kẹta ti kó àwọn méjèèjì sí apá kan. Ẹni tí ó ń ra ẹ̀yà tuntun ohun tí kò lè ṣe fúnra rẹ̀, àná ẹlòmíràn ni ó ń rà.

Ìgbà tí a dé ibí yìí ni ọ̀rọ̀ mi gan-an bẹ̀rẹ̀. Ní 1890 àwọn ìjọba Yúróòpù àti àwọn mìíràn pàdé ní Brussels, wọ́n sì fẹnu kò lórí òwò ẹrú àti òwò ìbọn ní Áfíríkà. Láti ìlà 20 ní àríwá títí dé ìlà 22 ní gúúsù, wọ́n fi òfin de ìbọn tí inú ọ̀pá rẹ̀ ní ìlà àti èyí tí a ń kì láti ìdí. Èwo ni wọ́n fi àyè sílẹ̀ fún? Ìbọn olókùúta tí kò ní ìlà nínú, àti ẹ̀tù lásán. Ṣakabùlà. Wọ́n ní nítorí àtidẹ́kun òwò ẹrú ni, n kò sì sọ pé irọ́ ni gbogbo rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wo ọdún náà: ọdún méjì ṣáájú Ìmàgbọn.

Òfin ohun ìjà ti Nàìjíríà, tí wọ́n ṣe ní 1959 kí a tó gba òmìnira, tẹ̀lé ipa ọ̀nà kan náà. Ó pín ìbọn sí ìpele mẹ́ta. Ìpele kìíní ni èyí tí a kà léèwọ̀, bí ìbọn ológun àti ìbọn arọ̀jò-ọta; ìpele kejì ní ìbọn ọdẹ onírúurú nínú; ìpele kẹta ni ìbọn tí a ń kì láti ẹnu, ṣakabùlà ni ó sì ṣáájú nínú rẹ̀. Ẹni tí ó bá fẹ́ rí bí òfin ṣe ń ronú, kí ó wo ibi tí ó fi ìbọn ìléwọ́ sí. Ìpele kìíní ni gbogbo wọn wà, títí kan ìbọn ìléwọ́ olókùúta ti ayé àtijọ́ tí ó yẹ kí ó wà nínú ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé. Nípa ìbọn ìléwọ́, òfin gba òwe wa gbọ́: ní apátí, kò ní apátí, èèwọ̀ ni, bóyá nítorí pé a lè fi aṣọ bò ó. Ṣùgbọ́n nípa ìbọn gígùn, ọjọ́ orí ni òfin fi ń ṣe òṣùwọ̀n: bí ó bá ti gbó tó ni a óò ti fún ọ láyè tó.

Wàyí o, ẹ wo ohun tí àwa tí a ń kọ́ni ní lítíréṣọ̀ àti àṣà ti ṣe. A rí ọdẹ tí ó gbé ṣakabùlà kọ́ èjìká níbi ọdún Ògún ní Iléṣà, a gbọ́ ìró rẹ̀ níbi àjọ̀dún àti níbi òkú ọdẹ, a gbọ́ ìjálá lẹ́bàá rẹ̀. A ka Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmọlẹ̀ ti Fágúnwà, tí ó jáde ní 1938, a bá Àkàrà-Ògùn pẹ̀lú ìbọn rẹ̀ nínú igbó. A wá sọ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ pé, 'Èyí ni ìbọn ìbílẹ̀ wa, èyí ni àṣà wa.' Èmi náà ti sọ bẹ́ẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún níwájú pátákó ìkọ̀wé. Mo fẹ́ yí ọ̀rọ̀ náà padà. Ṣakabùlà kì í ṣe ohun tí àwọn baba wa yàn tí wọ́n sì dì mú. Nígbà tí ó wà lọ́wọ́ wọn láti yàn, ní Kírìjí, àwọn tí ó ní owó àti ọ̀nà nínú wọn yan Snider. Ṣakabùlà ni ohun tí ó ṣẹ́ kù lẹ́yìn tí àwọn ẹlòmíràn ti ti ilẹ̀kùn.

Ẹnì kan lè dá mi lóhùn pé ohun tí ó ṣẹ́ kù náà lè di àṣà, àti pé ẹwà kì í bèèrè ibi tí a ti bí i. Òtítọ́ ni. Nítorí pé ṣakabùlà ni a fi sílẹ̀ fún wa, iná kò kú nínú ilé àgbẹ̀dẹ. Ọmọ àgbẹ̀dẹ mọ bí a ti ń lu ọ̀pá ìbọn, ó mọ bí a ti ń tún apátí ṣe, ìmọ̀ náà sì ń ti ọwọ́ baba bọ́ sí ọwọ́ ọmọ. Snider kò fi irú ìmọ̀ bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà. Nígbà tí ọta rẹ̀ tán, ó di ọ̀pá lásán. Bí ó bá jẹ́ pé ohun tí ó wà pẹ́ ni a ń wá, ìbọn àtijọ́ ni ó borí. N kò sọ pé kí a má ṣe kọrin fún un. Ohun tí mo ń bẹ̀ ni pé kí a má ṣe fi orin náà bo ẹnu ọ̀nà tí wọ́n tì mọ́ wa.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ti ìwé nìkan. Ní oṣù Kìíní ọdún 2020 ni àwọn gómìnà ìpínlẹ̀ mẹ́fà ilẹ̀ Yorùbá, Ọ̀ṣun wà nínú wọn, gbé Àmọ̀tẹ́kùn kalẹ̀ ní Ìbàdàn nítorí ìjínigbé àti ìpànìyàn nínú igbó àti lójú ọ̀nà. Ọ̀pọ̀ ọdẹ wọ inú rẹ̀. Àwọn ajínigbé tí wọ́n ń lépa a máa gbé ìbọn ológun dání. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2022, Rótìmí Akérédolú, tí ó jẹ́ gómìnà Oǹdó nígbà náà, sọ ọ́ ní gbangba pé kò yẹ kí wọ́n fi irú ìbọn bẹ́ẹ̀ du Àmọ̀tẹ́kùn. Àwọn kan gbè é lẹ́yìn, àwọn kan bẹ̀rù pé ìbọn tuntun lọ́wọ́ ìpínlẹ̀ lè di ti olóṣèlú lọ́jọ́ ìbò. Ẹ̀rù náà kì í ṣe ẹ̀rù lásán. Ṣùgbọ́n bí ọdẹ kan bá dojú kọ ìbọn arọ̀jò-ọta pẹ̀lú ṣakabùlà, tí òjò sì pa ẹ̀tù rẹ̀, kò yẹ kí ọ̀mọ̀wé kankan dìde níbi ìsìnkú rẹ̀ kí ó sọ pé ó kú pẹ̀lú ohun ìjà ìbílẹ̀ lọ́wọ́. Òfin ni ó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Bí a bá fẹ́ jiyàn lórí òfin náà, kí a jiyàn lórí rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí òfin. Kí a má ṣe fi agbádá àṣà wọ̀ ọ́.

Bákan náà, kí àwọn tí ń kígbe fún ìbọn tuntun dákẹ́ díẹ̀, kí wọ́n gbọ́ ọ̀rọ̀ bàbá ọdẹ Iléṣà. Ta ni yóò máa bọ́ ọ? Níbo ni ọta rẹ̀ yóò ti máa wá, ọwọ́ ta ni kọ́kọ́rọ́ ilẹ̀kùn náà wà, kí ni yóò sì ṣẹlẹ̀ ní ọjọ́ tí onítọ̀hún bá tì í? Àwọn Ìjẹ̀ṣà Èkó bèèrè gbogbo rẹ̀ kí wọ́n tó ná kọ́bọ̀ kan. Bẹ́ẹ̀ náà sì ni ọdún mẹ́rìndínlógún fi kọjá lórí wọn.

Òwe wa kò ṣìnà. Ìbọn ní apátí, kò ní apátí, ẹni tí wọ́n kọ ọ́ sí kò ní dúró wo ọdún tí wọ́n ṣe é. Ṣùgbọ́n ẹni tí yóò gbé e kọ́ èjìká wọ igbó lọ́la, kí àwa yòókù lè sùn, ó yẹ kí ó mọ̀ ọ́n, ó sì yẹ kí àwa tí a ń kọ ìwé nípa rẹ̀ mọ̀ ọ́n pẹ̀lú.